Ẹ̀fọ́ Abẹ́ Máńgòrò: Ìrírí Mi Ní Òmù-Àrán

Bí ẹ bá ní igi máńgòrò ńlá lẹ́yìnkùlé ní Òmù-Àrán, tí ẹ wá sọ pé ẹ fẹ́ gbin ẹ̀fọ́, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni pé kí ẹ lọ pe onígẹdú. Wọ́n á ní nǹkan kì í ṣe dáadáa lábẹ́ ìbòòji. Wọ́n á ní oòrùn ni oúnjẹ ẹ̀fọ́. Ìmọ̀ràn yìí ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn létí, mo sì ti rí agbo ilé tí wọ́n ti gé igi tí bàbá bàbá wọn gbìn lulẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ méjì péré. Ó dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé ẹ̀fọ́ kan wà tó fẹ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé abẹ́ igi gan-an ni ilé rẹ̀, tí oòrùn ni kì í jẹ́ kí ewé rẹ̀ rọ̀. Lára àwọn ẹ̀fọ́ yìí ni wòròwó, èyí tí àwọn ìyá wa fẹ́ràn jù lọ láti fi ro ọbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò sì dá mọ̀ mọ́ lórí àtẹ.

Aránṣọ ni mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ mi wà, ó kọjú sí ọgbà, nítorí náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ojú mi ń wo ilẹ̀ yẹn. Máńgòrò dúró láàárín, àgbálùmọ̀ wà lápá ìwọ̀ oòrùn, ògiri tó pààlà wa pẹ̀lú aládùúgbò sì wà lápá gúúsù. Ibi tí oòrùn ti ń pa ilẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò fẹ̀ ju ibi tí a ń sá aṣọ sí lọ. Ìyókù, ìbòòji ni.

Ṣùgbọ́n ìbòòji kì í ṣe oríṣi kan. Ti ògiri a máa wá, a sì máa lọ. Bó bá bo ilẹ̀ láàárọ̀, ó lè ṣí i sílẹ̀ ní ọ̀sán. Ti máńgòrò ní ihò: bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ìmọ́lẹ̀ a máa já bọ́ sílẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún. Ti àgbálùmọ̀ ilé wa kò ní ihò rárá, ó ṣú bíi yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀. Ẹni tó bá pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan náà á kàn gbin ohun tí kò yẹ síbi tí kò yẹ, á wá di ẹ̀bi ru ìbòòji.

Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀ rọrùn. Ní ọ̀sán gangan, lọ́jọ́ tí ìkùukùu kò bo oòrùn, mo máa ń na ọwọ́ mi sórí ilẹ̀, kí ó fi bí ẹsẹ̀ bàtà kan ga sí i. Bí òjìji ọwọ́ bá hàn ketekete tí mo lè ka ìka márààrún, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ tó fún ṣọkọ, úgú àti ewúro. Bó bá hàn bàìbàì, tí mo kàn mọ̀ pé ọwọ́ ni ṣùgbọ́n tí ìka kò yàtọ̀ síra, ibẹ̀ ni ilé gbúre àti wòròwó. Bí mi ò bá rí òjìji kankan, mi ò ní gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ń kó ewé gbígbẹ jọ sí. Ẹ ṣe é káàkiri ọgbà kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ́, kí ẹ sì fi òkúta sàmì sí i. Kì í ná ènìyàn ní kọ́bọ̀.

Ẹ tún un ṣe nígbà ọyẹ́ o, nítorí oòrùn kì í gba ojú ọ̀nà kan náà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá. Ní ìhà tiwa yìí, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin sí òpin oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á yí sí gúúsù, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejìlá kó tó ṣẹ́rí padà. Ohun tí èyí ń ṣe nínú ọgbà kì í ṣe kékeré. Ògiri tó ga tó mítà 3, tó wà ní gúúsù ọgbà bíi tèmi, òjìji rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 2 ní ọ̀sán gangan nínú oṣù kejìlá, inú ọgbà ló sì ń bọ́ sí. Nígbà tó bá di oṣù kẹfà, òjìji yẹn ti kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìdí ògiri kan náà yìí, ṣọkọ àti ewédú ni mo ń gbìn síbẹ̀ nígbà òjò, gbúre ló sì ń gbabẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ilẹ̀ ló ti sá, tàbí pé irúgbìn tí wọ́n rà lọ́jà ni kò dára, nígbà tó jẹ́ pé oòrùn ló kúrò lórí wọn.

Nítorí èyí náà ni a ṣe fi ọ̀dà funfun kun ara ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ara ilé yẹn kọjú sí gúúsù, oòrùn oṣù kejìlá a máa bá a tààrà, á sì ta ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọgbà. Kò sọ ìbòòji di ojú oòrùn, àmọ́ úgú tó wà nítòsí rẹ̀ kò na ọrùn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìyá ọkọ mi ló mú wòròwó wọ inú ọgbà wa. Ọ̀pọ̀ ará Ìgbómìnà ló kó lọ sí ìhà Ifẹ̀ àti Oǹdó láyé ìjọ́un láti lọ dá oko kòkó, òun àti ọkọ rẹ̀ sì wà lára wọn. Abúlé kòkó ni wọ́n ti bí ọkọ mi. Nígbà tí màmá padà wálé, wọ́n rìn yí abẹ́ máńgòrò ká, wọ́n fi ẹsẹ̀ tú ewé ilẹ̀, wọ́n bu erùpẹ̀, wọ́n fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìyàwó mi, abẹ́ kòkó rèé o. Kí lo tún ń wá?"

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní kò sí ohun tó lè ṣe dáadáa níbẹ̀ ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni náà ò sùn lóko kòkó rí ni. Kí lo rò pé à ń fi jẹ iyán níbẹ̀?"

Ẹni tó ń bọ̀ láti Ifẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ kó bá wọn mú wòròwó wá. Kò mú irúgbìn kankan dání. Ọ̀pá rẹ̀ ló mú wá, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù dì í. Bí wòròwó ṣe ń rìn láti oko dé oko nìyẹn, ọ̀pá ni wọ́n ń gé fún ara wọn. Màmá gé e ní ìwọ̀n tó gùn díẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí oríkèé mẹ́ta ó kéré jù wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, wọ́n tẹ ọ̀pá ní ìdagẹ̀rẹ̀ sínú ilẹ̀ títí oríkèé méjì fi wọlẹ̀, wọ́n sì ní kí n má jẹ́ kí ilẹ̀ yẹn gbẹ títí yóò fi yọ ewé tuntun. Láti ara oríkèé ni gbòǹgbò ti ń yọ. Ẹni tó bá rì í láìsí oríkèé nínú ilẹ̀, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Wòròwó a máa fà. Bí kò bá rí ohun tó máa fà mọ́, á nà sílẹ̀, ẹrẹ̀ á máa ta sí i lára, ìgbín á sì jẹ ẹ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni a rì sílẹ̀ fún un, èyí tó sì wà nítòsí ìdí máńgòrò gun ara igi náà fúnra rẹ̀. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ó kún fún omi. Bí ẹ bá gbìn ín sí ojú oòrùn, ewé yẹn á kéré, á pọ́n létí, á sì máa sọ orí kọ́ ní gbogbo ọ̀sán bí ẹ tilẹ̀ bomi rin ín láàárọ̀. Lábẹ́ igi, kò mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé bí omi bá ti ń kàn án. Ẹ má tètè já a. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ fún bí oṣù méjì, kí ẹ wá máa gé ọ̀mùnú rẹ̀, kí ẹ fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ẹ gé á yọ ẹ̀ka méjì.

Bí màmá ṣe ń sè é nìyí: wọ́n á kọ́kọ́ ro ẹ̀gúsí, irú àti ẹja gbígbẹ títí òróró á fi yọ sókè, ìgbà yẹn ni wòròwó tó wọlé, wọn kì í sì í jẹ́ kó pẹ́ lórí iná. Bó bá pẹ́, adùn rẹ̀ ti lọ.

Gbúre ni mo ti rí ìyàtọ̀ oòrùn àti ìbòòji kedere jù lọ, nítorí ó wà níbi méjèèjì. Èyí tó hù nídìí okùn ìsáṣọ, ewé rẹ̀ kéré, ó le, kò sì pẹ́ tó fi yọ òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó wá di kóró dúdú wínníwínní. Bí gbúre bá ti ń kóró, ewé rẹ̀ kì í dùn jẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà lábẹ́ máńgòrò, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, igi rẹ̀ sì ń dún bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ. Kò sí irúgbìn tí mo mọ̀ tó rọrùn jù ú lọ: ìdí gbúre tí ẹ gé dànù nígbà tí ẹ ń ṣa ẹ̀fọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á hù. Láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, ó ti tó gé. Omi inú rẹ̀ pọ̀ gan-an, nítorí náà kí ẹ má bu omi kún ọbẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ fi í sí. Kí n sọ èyí pẹ̀lú: bí dókítà bá ti sọ fún ẹnì kan nínú ilé pé ó ní òkúta nínú kíndìnrín, kí ó bi dókítà léèrè kó tó máa jẹ gbúre tàbí àmúnútutù lójoojúmọ́, torí nǹkan kan wà nínú ẹ̀fọ́ méjèèjì tó lè dá kún òkúta yẹn. Sísè é nínú omi kí a sì da omi náà nù máa ń dín in kù.

Àmúnútutù kò fẹ́ òkùnkùn tó wòròwó, ó fẹ́ kí oòrùn àárọ̀ rí òun díẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun tó máa gùn. Ẹ̀bọ̀lọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó gbìn ín. Bí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, á hù fúnra rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ bá tutù tó sì lọ́ràá, tèmi ni kí n má ṣe tu ú mọ́ koríko. Ṣọkọ ń ṣe dáadáa bó bá rí oòrùn fún wákàtí 3 tàbí 4. Ewúro wà ní etí ìbòòji, kì í yọ ènìyàn lẹ́nu.

Àwọn tó kọ̀ náà wà, kò sì yẹ kí a tan ara wa jẹ. Tẹ̀tẹ̀ lábẹ́ igi a máa ga, a sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ á tẹ̀ sí apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, bí òjò bá sì lù ú, á sùn sílẹ̀. Àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ fún ọjà Ìlọrin létí odò Àsà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: gbangba ni, kò sí igi lórí wọn. Ewédú náà kò fẹ́ ìbòòji. Ilá, tòmátì, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ bá fẹ́ kó so tàbí kó ta, ó fẹ́ oòrùn wákàtí 6 sí 8 lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò ju pé ewé la fẹ́ jẹ lára gbúre. Láti yọ ewé kò gba agbára tó láti so èso. Ata rodo nìkan ni mo rí tó wà láàárín méjèèjì. Ó fẹ́ oòrùn, àmọ́ nínú oṣù kejì àti ìkẹta tí ooru mú gan-an, òdòdó rẹ̀ a máa já dànù ní gbangba. Èyí tí máńgòrò ń bò fún wákàtí díẹ̀ ní ọ̀sán máa ń di òdòdó tirẹ̀ mú jù.

Igi náà ń fẹ́ ìtọ́jú tirẹ̀. Nínú ẹbí ọkọ mi, máńgòrò yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé Ìlọrin ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. A lọ bá wọn, a ṣàlàyé pé a kò fẹ́ gé igi, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ la fẹ́ ká kúrò kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbà. Ìgbà tó dára jù ni lẹ́yìn tí èso bá ti tán lórí rẹ̀, ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Ẹ̀ka tó nípọn, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó gé e láti òkè. Bí ẹ bá ti òkè nìkan gé e, ìwúwo rẹ̀ á mú un já kó tó tán, á sì bó èèpo ara igi lọ sílẹ̀. Ẹ má gé e mọ́ ara igi pẹ́kípẹ́kí. Ọrùn kan wà níbi tí ẹ̀ka ti so mọ́ igi, ẹ dá a sí, òun ló ń mú kí ojú ọgbẹ́ dí. Kí ẹni tó ń gé e wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, oje máńgòrò a máa jó ara àwọn mìíràn débi tí yóò lé ròrò. Lẹ́yìn ẹ̀ka ìsàlẹ̀, a tún yọ díẹ̀díẹ̀ nínú àwọn tó dí mọ́ra láàárín. Ihò ìmọ́lẹ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ ló ti wá.

Ìṣòro tó ju àìsí oòrùn lọ lábẹ́ máńgòrò ni gbòǹgbò. Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Gbòǹgbò wẹ́wẹ́ igi náà wà lókè ilẹ̀, òun ló ń kọ́kọ́ mu omi tí ẹ bù, òun ló ń kọ́kọ́ jẹ ajílẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá gé gbòǹgbò, igi ń jìyà, á sì tún yọ òmíràn kí ọdún tó yípo. Ohun tí a ń ṣe ni pé àpò ìrẹsì, bàsíà tó ti lu àti táyà ọkọ̀ tí a gé sí méjì la fi ń gbin gbúre àti àmúnútutù. A kò gbé àpò náà lé ilẹ̀ lásán, orí búlọ́ọ̀kù la gbé e lé, nítorí gbòǹgbò máńgòrò a máa gba ìsàlẹ̀ àpò wọlé bó bá ti gbóòórùn omi. Wòròwó nìkan ló wà nínú ilẹ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jìnnà sí ìdí igi díẹ̀.

Erùpẹ̀ inú àpò kò ná wa ní nǹkan púpọ̀. Ewé máńgòrò tí gbogbo àdúgbò ń gbá jọ dáná sun láràárọ̀, wúrà ni. Ó le, kì í tètè jẹrà, nítorí náà a máa ń fi àdá gé e wẹ́wẹ́, a ó kó o sábẹ́ àgbálùmọ̀ níbi tí ẹ̀fọ́ kan kò ti lè hù, a ó fi ìgbẹ́ adìyẹ sáàárín rẹ̀ ní ìpele ìpele, a ó sì máa bu omi sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ìgbà òjò kan bá kọjá lórí rẹ̀, á di ilẹ̀dú tó rọ̀. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìyẹ tútù sídìí ẹ̀fọ́ o, á jó o pa.

Ilẹ̀ abẹ́ igi kì í tètè gbẹ, àǹfààní ni, ewu sì ni. Ẹni tó bá ń bomi rin ín bó ṣe ń bomi rin ọgbà ojú oòrùn á fi omi pa á. Ìka ni mo ń tẹ̀ wọ inú erùpẹ̀: bí omi bá ṣì wà ní ìwọ̀n oríkèé ìka méjì, mo fi í sílẹ̀. Àárọ̀ la ń bomi rin ín, ìdí ẹ̀fọ́ la sì ń da omi sí, kì í ṣe orí ewé. Ewé tó bá sùn mọ́jú pẹ̀lú omi lára lábẹ́ ìbòòji, kò ní pẹ́ tó fi ní àmì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi àyè sáàárín wọn ju bí àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ ojú oòrùn ṣe ń ṣe lọ.

Ìgbín wẹ́wẹ́ àti àwọn tí kò ní ìkarahun fẹ́ràn irú ibi bẹ́ẹ̀. Eérú tí a wọ́n yí ìdí àpò ká máa ń dá wọn dúró, àmọ́ bí òjò bá ti lù ú, agbára rẹ̀ ti tán. Ohun tó dájú ni iná tọ́ọ̀ṣì lálẹ́, lẹ́yìn òjò, kí a ṣà wọ́n sínú ike. Àwọn ọmọ ilé wa fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Ní ti ejò tí àwọn aládùúgbò ń bẹ̀rù, mi ò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré: abẹ́ àpò la ń gbá lóòrèkóòrè, òkìtì ewé sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ewúrẹ́ ni ọ̀tá tó burú jù. Ibi tó tutù ni òun náà ń wá sùn sí lọ́sàn-án, bó bá sì jí, á jẹun. Ọparun la fi ṣe ọgbà yí i ká.

Ní ti èso, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré nítorí ohun tó ń so lábẹ́ ìbòòji kò pọ̀. Ìbẹ́pẹ á ga wá ìmọ́lẹ̀ lọ sókè, ọmọ rẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ọ̀pẹ̀yìnbó á gbà láti dàgbà, ewé rẹ̀ á gùn dáadáa, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ á pẹ́, á kéré, á sì kan díẹ̀. A fi díẹ̀ sí etí ìbòòji, adùn rẹ̀ kò burú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà a máa so bó bá rí oòrùn ìdajì ọjọ́, àmọ́ ẹ ní sùúrù fún un.

Èyí tó jẹ́ ti ibẹ̀ gan-an ni àgbáyun. Inú igbó ìhà tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti wá, abẹ́ igi ńlá ló sì ń gbé látilẹ̀wá. Èso pupa kékeré, ẹni tó bá lá a tán tó wá mu ọsàn wẹ́wẹ́, á rò pé wọ́n fi ṣúgà sí i ni, adùn yẹn sì lè wà lẹ́nu fún bí ààbọ̀ wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kóró rẹ̀ kì í ṣe é tọ́jú. Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́, kí ẹ gbìn ín lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ kejì, bó bá gbẹ, ó ti kú. Kì í yára dàgbà, ọdún 3 tàbí 4 kì í ṣe nǹkan kan lójú rẹ̀ kó tó so. Tèmi kò tíì so. Mo ń tọ́jú rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ.

Atalẹ̀ ṣe mí lóore. A gbìn ín sínú àpò ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, a sì wú u nínú oṣù kejìlá nígbà tí ewé rẹ̀ ti gbẹ. Kò bínú sí ìbòòji ìdajì. Ẹ máa rántí 2023, nígbà tí àrùn wọ inú oko atalẹ̀ ní gúúsù Kàdúná tí owó rẹ̀ wá fò sókè jákèjádò orílẹ̀-èdè yìí. Láti ìgbà náà la ti ń gbin tiwa.

Ewé eéran náà wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà kọjá. Mọ́ínmọ́ín inú ike àti inú ọ̀rá ti gba ìlú kan, mi ò sì rí ohun tó lè rọ́pò òórùn ewé yẹn lára mọ́ínmọ́ín gbígbóná. Ìbòòji tó tutù ló fẹ́, bí oòrùn bá sì ń pa á, ewé rẹ̀ á máa ya. Ìdí rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, nítorí náà ẹ gbẹ́ kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á gba ọgbà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ge ewé tó ti gbó, ẹ fi ọ̀dọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń sè mọ́ínmọ́ín fún ìnáwó ti mọ ojú ọ̀nà ilé wa.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni gbogbo làálàá yìí ń sanwó. Láti oṣù kejìlá tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ọgbà gbangba tí kò sí létí odò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ẹ̀fọ́ á sì wọ́n lọ́jà. Omi kànga tí à ń lò lábẹ́ máńgòrò kò tó ìdajì èyí tí a ń dà sídìí okùn ìsáṣọ, bẹ́ẹ̀ gbúre àti wòròwó á ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń wá. Wòròwó ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè, pàápàá fún àwọn àgbà tó ti ti oko kòkó bọ̀, tí wọ́n ní ó ti pẹ́ tí wọ́n rí i nílùú gbẹ̀yìn. Bí ẹnì kan bá rà á, mo máa ń fi ọ̀pá díẹ̀ kún un fún un pé kó lọ gbìn ín. Àwọn kan ní n óò ba ọjà ara mi jẹ́. Kò tíì bà jẹ́, ẹ̀fọ́ yìí sì gbọ́dọ̀ pọ̀ nílùú ju inú ọgbà ẹnì kan lọ.

Ìyèré ló kù tí mi ò tíì ní. Inú igbó abẹ́ igi ló ń gbé, ó ń gun igi lọ sókè, ìdí àgbálùmọ̀ wa sì ṣófo dè é. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ nínú oṣù karùn-ún, mo fẹ́ gé ìtàkùn rẹ̀ gbìn. Ẹni tó bá ní èyí tó ti ń so ní Ìsánlú-Ìsìn, Òkè-Onígbìn tàbí ibikíbi ní sàkáání wa, mo ṣe tán láti fi ọ̀pá wòròwó ṣe pàṣípààrọ̀.